Mẹ́wàá Nínú Mẹ́wàá fún Àmọ̀kẹ́

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo ṣe ní ìlú òyìnbó, inú àgò ni mo ti ṣe é.

Ẹ má rò pé ẹ̀wọ̀n ni mo lọ. Ní ẹ̀yìn ìlú kékeré kan ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pápá kan wà tí àwọn ènìyàn ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbá gọ́ọ̀fù. Wọn á tò lórí ìlà, wọn á máa fi ọ̀pá gbá bọ́ọ̀lù funfun kéékèèké lọ sí òkèèrè, ẹnì kan ní láti máa wa ọkọ̀ kékeré káàkiri láti ṣa àwọn bọ́ọ̀lù náà jọ. Wọ́n fi irin yí ọkọ̀ yẹn ká bí àgò adìẹ kí bọ́ọ̀lù má baà fọ́ awakọ̀ lórí. Èmi ni awakọ̀. Bí mo bá ti jáde báyìí, àwọn oníbàárà á gbàgbé ohun tí wọ́n wá kọ́, èmi ni wọn á máa fojú sùn. Gbàù! lára irin. Ẹ̀rín á sọ. Gbàù!

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìkọ̀tún. Níbẹ̀, ọmọ tó bá ju òkò lu àgbàlagbà mọ ibi tí yóò lọ kúnlẹ̀ sí kí a tó sọ fún un.

Ìyàwó mi pè mí láti ilé wa ní Ìgándò ní ọ̀sẹ̀ kejì.

"Bàbá Mórẹ́, irú iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe gan-an?"

"Pápá ìṣeré ni mo wà."

"Ṣé ẹ ń kọ́ àwọn ọmọ ni?"

"Mò ń bá wọn ṣètò bọ́ọ̀lù tí wọ́n fi ń kọ́ṣẹ́."

"Ẹ ń ṣa bọ́ọ̀lù."

"Ọkọ̀ ni mo fi ń ṣa á."

"Ẹ ṣáà máa wọ súwẹ́tà jàre."

Bí mo ṣe rí ìwé ìrìnnà gbà kò ní í gba àyè níbí; àwọn mìíràn ti kọ irú rẹ̀ dáadáa jù mí lọ. Ohun tó gbé mi lọ ni ọmọ mi obìnrin, Mórẹ́nikẹ́. Ó ti ṣáájú mi lọ ní ọdún mẹ́fà. Pápá kan náà ni àwa méjèèjì ti ń ṣiṣẹ́: òun ń kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní bí wọ́n ṣe ń di ọ̀pá mú, èmi ń ṣa ohun tí wọ́n bá gbá.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé bí ọmọ tíṣà Ìgándò ṣe di agbágọ́ọ̀fù, nítorí eré àwọn olówó ni a mọ̀ ọ́n sí. Aládùúgbò wa kan, Bàbá Kàmọ́rù, ti fi ìgbà èwe rẹ̀ gbé àpò ọ̀pá fún àwọn ọ̀gá ńláńlá ní Èkó. Nígbà tí ó fẹ̀yìn tì, ọ̀pá ògbólógbòó kan ló mú bọ̀ wálé. Mórẹ́nikẹ́ jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá nígbà yẹn. Mo ní ààbọ̀ púlọ́ọ̀tì kan ní Ayọ̀bọ̀ tí mi ò tíì lágbára láti kọ́, iyanrìn àti koríko nìkan ló wà níbẹ̀. Ibẹ̀ ni Bàbá Kàmọ́rù ti ń kọ́ ọ ní ọjọ́ Sátidé. Wọ́n gbé táyà mọ́tò kan sílẹ̀ ní ìkángun ilẹ̀ náà, wọ́n ní kó gbá bọ́ọ̀lù sínú rẹ̀.

Èmi máa ń jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, pẹ̀lú bírò pupa mi. Bí ó bá ti gbá a, màá fún un ní máàkì. Mẹ́ta nínú mẹ́wàá. Márùn-ún. Tún un ṣe, ìgbọ̀nwọ́ rẹ ti tẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá ṣe iṣẹ́ tíṣà nígbà tiwa mọ òfin náà: mẹ́wàá ti Ọlọ́run ni, mẹ́sàn-án ti tíṣà, ọmọ bẹ̀rẹ̀ láti orí mẹ́jọ. Mi ò fún ọmọ kankan ní mẹ́wàá rí, tèmi tàbí ti ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kan tí mo ń fi fóònù kékeré ya fídíò rẹ̀, bọ́ọ̀lù náà ga, ó kọjá lórí igi ìbẹ́pẹ, ó sì já sínú táyà láìkan etí rẹ̀. Ẹnu mi ló sọ ọ́ kí n tó mọ̀: "Mẹ́wàá! Àmọ̀kẹ́, mẹ́wàá nínú mẹ́wàá!" Oríkì tí ìyá rẹ̀ ń pè é nìyẹn, Àmọ̀kẹ́. Ẹ ó gbọ́ ohùn mi nínú fídíò náà, ó ń gbọ̀n.

Mo ní ẹ ó gbọ́ ọ. Ẹ kò lè gbọ́ ọ mọ́.

*

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù nílùú yẹn kì í ṣe òtútù. Bí mo bá ṣe àṣìṣe, kò sẹ́ni tó ń bá mi wí. Nílé, tí o bá fi ọwọ́ òsì na nǹkan sí àgbàlagbà, kódà ẹni tí ń kọjá lọ á dá sí i. Níbẹ̀, mo wa ọkọ̀ àgò yẹn gba ibi tí kò yẹ kí n gbà fún oṣù kan gbáko. Ọ̀gá mi ń rí mi lójoojúmọ́, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń juwọ́ sí mi. Ìgbà tí oṣù parí ni mo rí ìwé lórí tábìlì, tí wọ́n kọ gbogbo ọjọ́ tí mo ṣe é sí, pẹ̀lú aago rẹ̀.

Mo wá ń rò ó pé bóyá ohun tí a ń pè ní ilé nìyí: ibi tí ẹni tó bá bínú sí ọ ti máa sọ ọ́ lójú rẹ. Níbẹ̀, wọ́n máa ń rẹ́rìn-ín sí ènìyàn, wọ́n á sì kọ ọ́ sílẹ̀.

*

Ní ọjọ́ Sátidé kan, Mórẹ́nikẹ́ gbé fóònù rẹ̀ lé orí gárawá tí a dojú rẹ̀ dé, ó sì ní kí n jókòó sí ẹ̀gbẹ́ òun.

"Bàbá mi, ṣé bírò pupa yín wà lọ́wọ́?"

"Ìgbà wo ni kò ní í sí?"

"Ẹ máa fún mi ní máàkì bíi ti Ayọ̀bọ̀. Ẹ má wo kámẹ́rà o. Ẹ kàn ṣe bí ẹ ṣe máa ń ṣe."

Ó gbá mẹ́wàá. Mo fún un ní mẹ́fà, mẹ́rin, méje. Nígbà tó gbá kan lọ sínú igbó, mo ní, "Òdo. Lọ dúró sí igun." Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó gbé fídíò náà sórí ìkànnì rẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó sì fi fídíò Ayọ̀bọ̀ ìjọ́sí ṣe ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, àwọn tó wò ó ti pọ̀ ju gbogbo ènìyàn tó wà nílùú náà lọ. Láti ìgbà náà, ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni a ń ṣe é.

Ìṣẹ́gun kékeré kan tẹ̀ lé e, mi ò sì ní í fi pamọ́. Ní ọjọ́ Mọ́ńdè kan mo wa ọkọ̀ àgò jáde, mo fa orí mọ́rùn bí mo ṣe máa ń ṣe. Kò sí gbàù. Mo wo ẹ̀yìn. Àwọn oníbàárà ti gbé ọ̀pá wọn sílẹ̀, ọ̀kan nínú wọn na ọwọ́ sókè bí ọmọ kíláàsì: "Tíṣà! Eélòó ni tèmi?"

"Mẹ́ta," mo ní. "Ọwọ́ rẹ yára jù."

Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ sùn dáadáa.

*

Nígbà tó yá, Mórẹ́nikẹ́ yege nínú ìdíje kan tó fún un ní ìwé àṣẹ láti máa gbá pẹ̀lú àwọn obìnrin akọ́ṣẹ́mọṣẹ́, láti pápá dé pápá, fún ọdún kan. Ohun tó ti ń lé láti ọmọ ọdún mọ́kànlá nìyẹn. Àwọn tó ń ṣètò ìdíje náà ni màá máa pè ní Ẹgbẹ́.

Mo fẹ́ ṣe òdodo sí Ẹgbẹ́. Wọ́n ti ta ẹ̀tọ́ fídíò ìdíje wọn fún tẹlifíṣọ̀n, owó yẹn ni wọ́n fi ń fún àwọn eléré ní ẹ̀bùn. Bí gbogbo eléré bá wá ń gbé fídíò tirẹ̀ jáde, kí ni tẹlifíṣọ̀n rà? Ọ̀rọ̀ wọn ní ìtumọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù tún ń bà wọ́n, mo sì rí i: àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbé fóònù lé orí gárawá ya gọ́ọ̀fù wọn ti ní òǹwòran ju àwọn tí wọ́n ń gbé ife fún lọ.

Àwọn eléré bíi tirẹ̀ náà kò gbà á tán. Ọ̀kan sọ ọ́ létí wa bí a ṣe ń kọjá: "Àwọn kan wá gbá bọ́ọ̀lù, àwọn kan wá ya fíìmù."

"Méjèèjì lèmi ń ṣe," Mórẹ́nikẹ́ dá a lóhùn. "Ìwọ ńkọ́, èwo lò ń ṣe nínú rẹ̀?"

Mo bá a wí fún ìyẹn. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ kíláàsì kì í fèsì báyẹn.

Ọkùnrin kan wà tó ń ṣojú Ẹgbẹ́, kóòtù aláwọ̀ ewé ni ó máa ń wọ̀ ṣáá. Ó máa ń rẹ́rìn-ín kó tó sọ̀rọ̀, bí ẹni tó ń pọ́n ọ̀bẹ. Ní ìdíje àkọ́kọ́ ó bọ̀ mí lọ́wọ́.

"Ẹ̀yin ni Tíṣà! Ìyàwó mi ń wò yín. A fẹ́ràn ọmọ yín púpọ̀."

"Ẹ ṣeun, sà."

"Ìdí nìyẹn tí a fi ń ṣọ́ ọ."

Lẹ́tà kan dé ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ìránnilétí ni wọ́n pè é. Ìkejì dé, ó le díẹ̀. Ìwé òfin wọn bá a wá. Mo kà á ní ẹ̀ẹ̀mejì, nítorí bí mo ṣe máa ń kọ́ àwọn ọmọ mi nìyẹn: ẹ ka ìbéèrè lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó dáhùn. Mo fi bírò pupa fa ìlà sí abẹ́ ibi tó ṣe pàtàkì: eléré àti ẹni tó ń gbé àpò rẹ̀ kò gbọdọ̀ gbé àwòrán ìdíje jáde láti inú okùn, èyí ni okùn tí wọ́n ta yí pápá ká láti ya òǹwòran sọ́tọ̀. Mo kà á sí Mórẹ́nikẹ́ létí bó ṣe ń mu tíì àárọ̀.

"Bàbá mi, gbogbo rẹ̀ lẹ fa ìlà sí tán."

"Kí o má baà ní mi ò sọ fún ọ."

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ni ẹni tó ń gbé àpò rẹ̀.

*

Ní ọjọ́ kejì ìdíje kẹrin, òjò ṣú. Fèrè ìkìlọ̀ mànàmáná dún káàkiri pápá, ó gùn, ó sì ń ké bí ẹranko. Gbogbo wa kó sábẹ́ ìbòrí. Mórẹ́nikẹ́ wà ní ipò kẹrin nínú gbogbo wọn, ihò mẹ́ta ló kù fún un láti gbá bọ́ọ̀lù sí. Ó jókòó, ó di ojú, ó ń fi ìka ka nǹkan.

Fóònù mi gbọ̀n. Ìyá rẹ̀ ni, fídíò kọ́ọ̀lù. Mo sún sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Bàbá Mórẹ́, àyà mi ń já láti àárọ̀. Ẹ jẹ́ kí n rí ọmọ mi."

"Ó ń simi. Kò yẹ ká dà á láàmú."

"Mi ò ní bá a sọ̀rọ̀. Mo kàn fẹ́ máa wo ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí ilẹ̀ yẹn, kí n máa gbàdúrà sí i. Èmi àti Bísí nìkan la wà níbí." Bísí ni àbúrò ìyàwó mi. Mo gbọ́ tí òun náà ń sọ pé, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́ o."

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ òbí ní ilẹ̀ wa mọ ohun tí ìyá náà ń sọ. Bí ọmọ bá ń kọ ìdánwò, ìyá kì í jẹun. Bí ọmọ bá wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, ìyá á dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ta ló máa lé e kúrò? Fèrè dún lẹ́ẹ̀kejì pé ká padà sí pápá. Mo gbé fóònù náà sí àpò àyà mi, mo jẹ́ kí ojú kámẹ́rà yọ síta, mo sì gbé àpò ọ̀pá ọmọ mi kọ́ èjìká. Mi ò sọ fún un. Mo rò ó pé òfin sọ pé a kò gbọdọ̀ gbé e jáde. Èmi kò gbé e jáde, ilé ni mo pè. Ìlà pupa tí èmi fúnra mi fà wà nínú àpò kejì kóòtù kan náà.

Ní ihò tó kẹ́yìn, bọ́ọ̀lù rẹ̀ jìnnà sí ihò gan-an. Ó wò ó, ó mí, ó gbá a. Bọ́ọ̀lù náà yí gba orí òkè koríko kan, ó rọra sọ̀ kalẹ̀, mo rò pé ó ti dúró, àfi bó ṣe tún yí díẹ̀ tó sì wọ ihò. Mo sọ ọ́ ní ohùn jẹ́jẹ́, mi ò lè dá a dúró: "Mẹ́wàá. Àmọ̀kẹ́, mẹ́wàá nínú mẹ́wàá."

Ó yíjú sí mi, ayọ̀ kún ojú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ sí àyà mi.

"Bàbá mi, kí ló wà nínú àpò yín?"

"Ìyá rẹ ni. Wọ́n ń gbàdúrà."

"Ta ló wà lọ́dọ̀ wọn?"

"Àǹtí Bísí nìkan."

Ó di ojú rẹ̀. "Áà, Bàbá mi."

Kí a tó mu tíì tán, Bísí ti pè. "Bọ̀dá mi! Gbogbo Ẹ̀gbẹ́dá ti rí i! Mo fi fóònù tèmi gba ohun tó wà lójú fóònù Àǹtí mi sílẹ̀, mo gbé e síta. Wọ́n ní ọmọ Ìgándò ń gbá bọ́ọ̀lù bí ẹni ń mumi!"

"Bísí, pa á rẹ́."

"Kí n pa kí ni rẹ́? Àbí ẹ ò gbọ́ ohun tí mo sọ ni? Gbogbo ayé ló ń wò ó!"

Ó pa á rẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn ti mú un lọ.

*

Ní àárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n pè wá sí yàrá kan. Ọkùnrin oníkóòtù aláwọ̀ ewé wà níbẹ̀, obìnrin kan sì ń kọ̀wé. Ó fi fídíò náà hàn wá. Mo gbọ́ ohùn ara mi.

"A kò mọ ẹni tó ya èyí," ó wí, ó rẹ́rìn-ín. "Ó lè jẹ́ òǹwòran kan. Àwọn òǹwòran máa ń tàpá sófin, a kò lè mú gbogbo wọn. Ṣé ẹ mọ nǹkan kan nípa rẹ̀?"

Lábẹ́ tábìlì, Mórẹ́nikẹ́ fi bàtà rẹ̀ tẹ ẹsẹ̀ mi mọ́lẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ gan-an.

Mo mọ ohun tó ń sọ. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi dúró níwájú kíláàsì tí mo ń sọ pé, "Ẹni tó ṣe é, kó dìde." Mo sì ti gbọ́ pé eré gọ́ọ̀fù ni eré tí eléré fúnra rẹ̀ ti ń jẹ́wọ́ àṣìṣe rẹ̀. Mo rò pé ibẹ̀ ni èdè wọn àti èdè mi ti pàdé.

Mo dìde. "Èmi ni, sà. Ìyàwó mi ni mo pè. Ọmọ mi kò mọ̀."

"Ẹ ṣeun fún òótọ́ yín," ó wí. Obìnrin náà kọ ọ́ sílẹ̀. Ọkùnrin náà ṣí dúrọ́ọ̀, ó mú ìwé kan jáde. Kò wá a, kò kọ ọ́. Orúkọ ọmọ mi ti wà lórí rẹ̀ ní títẹ̀, tónítóní, pẹ̀lú ààyè tí yóò buwọ́ lù.

Ohun tó wà níbẹ̀ kò pọ̀. Ẹni tó ń gbé àpò kò gbọdọ̀ wọ inú okùn mọ́. Gbogbo fídíò tó wà lórí ìkànnì ọmọ mi, àti gbogbo èyí tí a ti yà á níbi tó ti ń gbá gọ́ọ̀fù, láti ìbẹ̀rẹ̀, di ti Ẹgbẹ́. Kò sì gbọdọ̀ gbé òmíràn jáde láìgba àṣẹ. Bí kò bá fẹ́, ó lè lọ sílé pẹ̀lú ìkànnì rẹ̀, kí ó fi ìwé àṣẹ eré sílẹ̀.

"Má buwọ́ lù ú," mo sọ fún un ní Yorùbá. "A ó padà sí orí gárawá wa."

Kò wò mí. "Bàbá mi, mi ò kọ́ gọ́ọ̀fù nítorí kámẹ́rà. Bàbá Kàmọ́rù kò ní kámẹ́rà." Lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. "Mo tẹ ẹsẹ̀ yín."

"Mo mọ̀."

"Mo tẹ ẹsẹ̀ yín, Bàbá mi."

Ó buwọ́ lù ú. Lẹ́yìn náà ó gbé àpò ọ̀pá rẹ̀ kọ́ èjìká ara rẹ̀, ó sì jáde lọ gbá. Mo dúró lẹ́yìn okùn, láàárín àwọn òǹwòran, mo ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ títí koríko fi bò ó.

*

Mo ti padà sí Ìgándò. Wọ́n ti kọ́lé yí ilẹ̀ mi ní Ayọ̀bọ̀ ká, Bàbá Kàmọ́rù ti kú, èmi náà sì ti gbé ìpìlẹ̀ kan sílẹ̀ níbi tí táyà yẹn wà. Nígbà tí mo wá fídíò ọjọ́ yẹn lórí ìkànnì Mórẹ́nikẹ́, ojú fóònù dúdú, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò sí mọ́.

Ó ń gbá dáadáa. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìyẹn pẹ̀lú. Ẹgbẹ́ ti fún un ní ìwé àṣẹ ọdún mìíràn.

Ní oṣù tó kọjá, ìyàwó mi sáré wọlé láti ẹ̀yìnkùlé pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. "Bàbá Mórẹ́, ṣé ẹ̀yin kọ́ nìyí?" Ìpolówó Ẹgbẹ́ ni, fún ìdíje tó ń bọ̀. Pápá tútù, ojú ọ̀run tó ṣú, bọ́ọ̀lù kan tó rọra ń yí lọ sínú ihò. Fídíò Bísí ni. Wọ́n ti fi àmì wọn sí igun rẹ̀. Wọ́n ti yọ àdúrà ìyàwó mi kúrò nínú rẹ̀, ohùn mi nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀: "Mẹ́wàá. Àmọ̀kẹ́, mẹ́wàá nínú mẹ́wàá." Lẹ́yìn náà ọjọ́ ìdíje jáde.

Ọmọ wa ṣì máa ń pè ní gbogbo ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn. Kì í ṣe fídíò mọ́, ohùn nìkan ni. Ní Àìkú tó kọjá ó ti ṣe ipò kejì, a ti gbọ́.

"Ẹ kú àárọ̀, Bàbá mi."

"Àmọ̀kẹ́ mi, kú iṣẹ́."

"Ṣé kò sẹ́ni tó ń gba ohùn wa sílẹ̀ níbẹ̀?"

Ohun tó máa ń bèèrè nìyẹn báyìí, kó tó bèèrè ìlera wa. Mo wo yàrá yíká, bí mo ṣe máa ń ṣe. Ìyá rẹ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Fóònù rẹ̀ wà lórí tẹlifíṣọ̀n, ó ti dojú dé.

"Kò sẹ́nì kankan."

"Ṣé ẹ rí bọ́ọ̀lù mi tó kẹ́yìn?"

"Mo rí i."

Ó ń dúró. Mo mọ ohun tó ń dúró dè; láti ọmọ ọdún mọ́kànlá ló ti ń dúró dè é lẹ́nu mi. Máàkì náà ti dé orí ahọ́n mi. Mo rántí ẹni tó ni ín báyìí, mo sì gbé e mì.